Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Odò Ọya Láàrin Aṣálẹ̀

Bí mo bá bi yín pé níbo ni odò ńlá kan gbé ń ṣàn láàrin aṣálẹ̀, tí iyanrìn wà ní ọ̀tún rẹ̀ tí iyanrìn sì wà ní òsì rẹ̀, ẹ lè dáhùn pé ilẹ̀ Íjíbítì ni, níbi tí odò Náílì wà. Òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti gba orí afárá rẹ̀ kọjá ní Jẹ́bà. Odò Ọya ni.

Omi tí a ń rí ní Jẹ́bà àti ní Lọ́kọ́ja ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni orísun rẹ̀ wà, níbi tí òkun kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí i. Dípò kí odò náà yà sí òkun tí ó wà nítòsí rẹ̀, ńṣe ni ó kọ ẹ̀yìn sí i, tí ó sì dorí kọ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó la ilẹ̀ Málì já, ó dé ẹnu ọ̀nà Tìmbúkútù, lẹ́yìn náà ni ó wá tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ, tí ó yí padà sí ọ̀nà gúúsù, tí ó gba ilẹ̀ Nìjẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Gígùn rẹ̀ láti orísun títí dé òkun jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà.

Ní oṣù December ọdún 2009, àwa méje láti Agége àti Ìkẹjà wọ ọkọ̀ lórí odò yìí, a sì lo ọjọ́ márùn-ún lórí rẹ̀. Ìrìn àjò náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Mo sì fẹ́ sọ àṣìṣe ńlá kan tí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe níbẹ̀, nítorí mo rí i pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣì ń pa àwọn ènìyàn wa.

ÀWA TÍ A LỌ

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ó dá ìrìn àjò náà sílẹ̀. Aṣọ gínì ni ó ń tà ní ọjà Agége, Ìyá Aláṣọ sì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yin obìnrin kò ṣàì mọ̀ pé àwọn aláró ilẹ̀ Málì mọ aṣọ rẹ púpọ̀, wọn a sì máa fi igi lù ú títí yóò fi máa dán. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aláṣọ máa ń lọ rà ní Bàmákò. Ní ọdún tí mo wí yìí, ó ní òun kò fẹ́ dá nìkan lọ mọ́. Ó ní kí a jọ lọ, kí a sì ti ibẹ̀ gba ojú omi dé Tìmbúkútù, ìlú tí òun ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àáfáà láti ìgbà tí òun ti wà ní kékeré.

Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, ẹni ọdún mẹ́wàá. Èmi àti ìyàwó mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ kéú, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ọ̀gbà, gba ìsinmi ọdún, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì bá wa lọ. Ẹnì keje wa ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Nígbà náà Málì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, kò sì sí pé a ń wá físà kiri. Oṣù January 2025 ni Málì tó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Kí a tó kúrò ní Agége, a rántí ẹ̀kọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pé bí ènìyàn bá pé mẹ́ta lójú ọ̀nà, kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, nítorí pé mo mọ kéú, mo sì ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

A gba ọ̀nà Kútọnu àti Bùkínà Fasò dé Bàmákò. Nígbà tí Ìyá Aláṣọ parí ọjà rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀ kan níbẹ̀, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mopti, ìlú tí odò Bani ti pàdé Odò Ọya. Láti ibẹ̀ dé Tìmbúkútù lórí omi jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà.

AYÉ INÚ ỌKỌ̀

Èbúté Mopti dà bí ọjà tí ó wà lórí omi. Ẹja gbígbẹ ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò rí iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú bí èyí tí à ń rà níhìn-ín, bí kò ṣe iyọ̀ pẹlẹbẹ ńlá bí pátákó tí a fi ń kọ́ ọmọ ní kéú. Láti Taoudenni ní inú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wà á, tí ràkúnmí yóò rù ú dé Tìmbúkútù, tí ọkọ̀ yóò sì kó o wá sí Mopti.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pínáàsì. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, pákó ni wọ́n fi kàn án, ó ní ẹ̀rọ ní ìdí, wọ́n sì fi ẹní bò ó lórí bí ìbòòji. Àpò ìrẹsì, ewúrẹ́, agbada, alùpùpù, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ènìyàn. Bozo ni atukọ̀ wa, ẹ̀yà tí iṣẹ́ wọn láti ayébáyé jẹ́ ẹja pípa àti ọkọ̀ títù lórí odò yìí. Bàbá àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ni ó sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Tuesday, 22 December, lẹ́yìn ìrun Ayílà, a ṣí kúrò ní Mopti. Ẹ̀yin ìyá, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Níbo ni obìnrin yóò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? Ibì kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹní ká, ṣùgbọ́n ẹní náà ti já. Ìyá Aláṣọ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìró méjì ni ó yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó so ó yí ibẹ̀ ká, gbogbo obìnrin inú ọkọ̀ sì ń ṣàdúrà fún un títí a fi dé. Obìnrin kan a máa fi ẹ̀ẹ̀lú dáná nínú ìkòkò amọ̀ ní ìdí ọkọ̀, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ ni ó ń sè fún wa. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, gààrì tí a gbé láti Agége di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọrọ.

Ní ti ìrun, a ń dín in kù, a sì ń pa Ayílà pọ̀ mọ́ Àlàásárì, gẹ́gẹ́ bí a ti yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò. Ẹni tí ó bá lè dúró a dúró, ẹni tí òòyì bá ń kọ́ a jókòó. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ti ń lọ sí òkè ọ̀nà àríwá, apá ọ̀tún ni gábàsì wà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí odò bá yí, àwa náà a yí. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lówùúrọ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi, oníbúrẹ́dì, ti ìka bọ omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní àkókò ìrun Àsùbáà, ó sì yára fà á yọ. Ó wá bi mí tìtìjú-tìtìjú pé, "Àáfáà, ṣé kò sí àyè tàyámọ̀mù fún wa ni?" Mo wo omi ní ọ̀tún, mo wo omi ní òsì, mo wo omi ní abẹ́ wa. N kò lè dá a lóhùn fún ẹ̀rín. Ìyàwó mi ni ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ ka iná, ó sì bá a lọ́ omi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn Fúlàní ń da màlúù ní etí odò, ọmọ Ìyá Aláṣọ sì ń bi mí bóyá àwọn màlúù wọ̀nyẹn ni à ń pa ní Òkò Ọba ní Agége. Àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù wá sí orí omi yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a rí orí erinmi mẹ́ta tí wọ́n yọ sókè tí wọ́n sì tún rì. Atukọ̀ wa pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ọ̀pá tu ọkọ̀ jẹ́jẹ́ gba ọ̀nà tí ó jìnnà sí wọn kọjá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó yára.

ADÁGÚN DEBO

Lẹ́yìn èyí ni a dé Adágún Debo. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, odò tí ẹ ti ń rí etí rẹ̀ méjèèjì láti àárọ̀ ṣí sílẹ̀ lójijì, ó sì di omi lásán láti ìpẹ̀kun ojú kan dé ìkejì, bí ẹni pé òkun ni a bọ́ sí. Oṣù December ni omi máa ń kún púpọ̀ ní apá ibẹ̀, nítorí òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ Gínì láti July sí September ni ó ń rọra ṣàn bọ̀ títí di ìgbà náà.

Ní etí adágún náà, ní ìletò kan, atukọ̀ wa so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Ó wo òkè, ó wo omi, ó fi ẹ̀wù bo orí rẹ̀, ó sì jókòó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, iyanrìn sì ti sọ ojú ọ̀run di pupa. Ilẹ̀ mọ́ ní Thursday, afẹ́fẹ́ kò dákẹ́. Atukọ̀ kò dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọkàn mi gbóná. Ìdí rẹ̀ ni pé Jímọ̀ ni ọjọ́ kejì, mo sì ti pinnu láti Agége pé mọ́sálásí Djinguereber ní Tìmbúkútù, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1327, ni n óò ti kí ìrun Jímọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ìjọ wa nílé. Ọ̀rẹ́ mi náà ń ka ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ wọn yóò ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó àwọn èrò rẹ̀, tí ó sì ṣí lọ, ara mi kò gbà á mọ́.

Olùkọ́ kéú kan wà nínú ọkọ̀ wa tí ó ń padà sí Tìmbúkútù. Lárúbáwá ni èmi àti òun ń bá ara wa sọ, òun ni ó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Mo ní kí ó sọ fún atukọ̀ pé Ọlọ́run ni ó ń ṣọ́ ni, pé ẹni tí ń lọ sí ibi ìsìn kò yẹ kí ó bẹ̀rù omi, àti pé àwọn kan ti lọ. Olùkọ́ náà wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Atukọ̀ dáhùn ní gbólóhùn kan péré. Olùkọ́ yí sí mi, ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé bàbá òun wà nínú adágún yìí."

Ẹ rò ó wò. Síbẹ̀, n kò dákẹ́. Mo tún ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìgbà náà ni Ìyá Aláṣọ fi ọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ tí ó sùn lé e lẹ́sẹ̀, tí ó sì sọ fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ wa, ẹ̀yin ni ẹ mọ kéú. Ẹni yìí ni ó mọ omi."

Ìyàwó mi kò sọ ohun kan, ṣùgbọ́n ó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi náà dìde tẹ̀ lé e. Mo rí i pé olórí tí wọ́n fi mí ṣe kò tún ní ẹni tí ó ń darí mọ́. Mo jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, olùkọ́ kéú yìí fi ìtàn tù mí nínú. Ó ní Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier tí a bí ní ọdún 1304, ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rin gbogbo ilẹ̀ Mùsùlùmí ayé ìgbà náà já, gba apá ibí yìí kọjá ní 1352 àti 1353. Nígbà tí ó rí erinmi létí odò yìí, ó rò pé erin ni wọ́n. Nígbà tí olùkọ́ sọ èyí, gbogbo àwa ọmọ Yorùbá rẹ́rìn-ín, nítorí pé orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹranko náà kò jìnnà sí ohun tí Ibn Battuta rò. Láti Tìmbúkútù ó wọ ọkọ̀ kékeré tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, ó sì gba ojú omi lọ sí Gao. Lálaalẹ́ ni ó ń gúnlẹ̀ sí abúlé, tí ó ń fi iyọ̀, tùràrí àti ìlẹ̀kẹ̀ pààrọ̀ oúnjẹ. Ó dé ibi tí ó ń lọ ní àlàáfíà, ó sì padà sí ilé rẹ̀.

Mo rántí ẹlòmíràn tí òun kò gúnlẹ̀. Mungo Park, òyìnbó Scotland, gba orí odò yìí kan náà ní 1805 sí 1806. Ó kọjá níwájú Tìmbúkútù láìwọ inú rẹ̀, ìbọn ni àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń lé àwọn tí ó bá sún mọ́ ọkọ̀ wọn, eré ni wọ́n sì ń sá lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Bùsà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ni omi ti pa á ní 1806. Ibi tí ó kú sí wà lábẹ́ omi Kàìnjì báyìí, láti ìgbà tí a ti sé odò náà ní 1968.

JÍMỌ̀ TÍ A PÀDÁNÙ

Ìrọ̀lẹ́ Thursday ni afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Atukọ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó tú okùn, a sì la adágún já kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní òdì kejì, a rí ọkọ̀ kékeré tí ó ṣáájú wa. Ó ti forí sọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìrẹsì wọn ni wọ́n sá sórí ẹní, àgùntàn wọn ti bómi lọ. Ìyá kan jókòó lórí iyanrìn, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni ó fi ká ọmọ rẹ̀ tí ń gbọ̀n. Ìyá Aláṣọ bọ́ sílẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fún un ní búláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. N kò lè wo ojú atukọ̀ wa.

Láti ibẹ̀ lọ ni aṣálẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀. Koríko dínkù, òkìtì iyanrìn sì ń sọ̀kalẹ̀ títí wọ inú omi. A kọjá ní Niafunké, ìlú Ali Farka Touré, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, tí ó sì ń ṣe olórí ìlú náà títí ó fi kú ní 2006. Ní ọ̀sán Jímọ̀, níbi tí kò jìnnà sí Diré, atukọ̀ gúnlẹ̀ sí etí iyanrìn kan láìjẹ́ pé a sọ fún un. A sọ̀kalẹ̀. Mo pe ìrun, a sì kí Ayílà ní rákà méjì, lórí iyanrìn tí kò sí òrùlé kankan lórí rẹ̀. Ìrun Jímọ̀ kì í ṣe ọ̀ranyàn lórí arìnrìn-àjò. Láti kékeré ni mo ti kọ́ èyí nínú kéú, èmi fúnra mi sì ti fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí Ọlọ́run kò gbé lé mi lórí ni mo fẹ́ fi ẹ̀mí àwọn méje rà.

Ọ̀sán Saturday ni a gúnlẹ̀ ní Korioumé, èbúté Tìmbúkútù. Mo bá atukọ̀ bọwọ́, mo sì ní kí olùkọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò bá bínú sí òun ní Debo kò tí ì rin odò náà rí.

A dé Djinguereber, a rí i bí wọ́n ti fi amọ̀ mọ ọ́n, tí igi sì yọ jáde lára ògiri rẹ̀ káàkiri, tí àwọn ará ìlú yóò gùn nígbà tí wọ́n bá ń tún un rẹ́. A dé Sankore, ibi tí àwọn onímọ̀ gbé kọ́ni ní ayé àtijọ́. Wọ́n sọ ìtàn Ahmad Baba fún wa, onímọ̀ ńlá tí a bí ní 1556 tí ó sì kú ní 1627. Nínú ìwé kan tí ó kọ ní 1615, ó dárúkọ àwa Yorùbá. Ìwé rẹ̀ wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí orúkọ wa ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ó kà wá mọ́ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó wò wá yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní, "Ẹ sọ fún un pé a ti dé o." Ẹ sáà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé láti ara Málì ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà "Ìmàle" yọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE KÀN WÁ LÓNÌÍ

N kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè di ẹrù yín lọ sí Mopti. Ọ̀nà náà kò ṣeé gbà fún ìdílé mọ́. Ní 2012 ogun bẹ́ sílẹ̀ ní apá àríwá Málì, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ nínú ibojì àwọn ẹni mímọ́ Tìmbúkútù, tí a tún wá kọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sá fún iná, orí Odò Ọya yìí ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ àpótí gbà lọ sí Bàmákò. Ní ọjọ́ 7 September 2023, wọ́n kọlu ọkọ̀ èrò ńlá kan tí ń jẹ́ Tombouctou lórí odò náà, àwọn aráàlú 49 ni ìjọba Málì sì sọ pé ó kú. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn, kí ó sì dá àlàáfíà padà sí ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé Odò Ọya kan náà ni ó ń ṣàn nílé wa. Ní oṣù June 2023, ní agbègbè Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru wọ ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà dànù, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 1 October 2024, ní agbègbè Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger, ọkọ̀ tí ó kó nǹkan bí 300 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, ń lọ sí ibi Màólúdù ní Gbajibo. Alẹ́ ni, òun náà sì dànù. Nígbà tí mo gbọ́ pé ibi Màólúdù ni wọ́n ń lọ, ojú mi padà sí Debo. Ó ṣeé ṣe kí àáfáà kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ó ń sọ ohun tí èmi sọ.

Ẹ̀yin ará Agége, Ìkẹjà, Ọrẹ́gùn àti Ọ̀gbà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń kó ìdílé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú tàbí Bàdágírì nígbà ọdún. Ó dára, afẹ́fẹ́ omi dùn, ẹbí tí ó jọ rìn a sì tún mọ ara wọn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọrọ nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lóru, ohun yòówù tí ó lè máa kán yín lójú.

Èkejì, kí olúkúlùkù wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó sì so ó dáadáa. Ti àgbà kò bá ọmọdé mu, ó lè yọ gba orí rẹ̀ jáde nínú omi. Ẹni tí ó bá lágbára kí ó ra ti ọmọ rẹ̀ sílé.

Ẹ̀kẹta, bí ọkọ̀ bá ti kún, ẹ dúró de òmíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

Ẹ̀kẹrin, bí atukọ̀ bá ní òun kò lọ, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má ṣe fi owó tàn án, ẹ má sì fi orúkọ Ọlọ́run tì í. Ṣùgbọ́n bí òun ni ó bá fẹ́ lọ nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tijú láti sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ni mo fẹ́ bá parí ọ̀rọ̀. Ẹ máa ń rò pé níwọ̀n bí ọkọ yín tàbí àáfáà yín bá ti sọ̀rọ̀, ó ti parí. Ní ti ọkọ̀ ojú omi, ẹ má ṣe dákẹ́. Gbólóhùn kan péré tí Ìyá Aláṣọ sọ ní etí Debo ni ó mú gbogbo wa padà sílé. Ọmọkùnrin tí ó sùn lé e lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ náà ti di ọkùnrin báyìí, ó ti ní ìyàwó, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ tọ́jú ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Agége. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo máa ń gbé e dìde kíá, nítorí èmi ni ó yẹ kí n dúpẹ́.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run Ọba mú gbogbo wa dé ilé ní àlàáfíà. Àmín.